Ohùn Kan, Ìjà Púpọ̀: Àlàyé lórí Orin Ìfẹ̀hónúhàn Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró rí níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti ń fẹ̀hónú hàn, ìbáà ṣe ti ẹgbẹ́ NLC tàbí ti àwọn olùkọ́ yunifásítì tó wà lábẹ́ ASUU, yóò ti gbọ́ "Solidarity Forever", orin tí èrò máa ń fi ẹnu kan kọ kí olórí wọn tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí ẹni náà bá sì jẹ́ ọmọ ìjọ Kristẹni, etí rẹ̀ yóò ti sọ fún un pé ohùn tí wọ́n fi ń kọ "Glory, glory, hallelujah" ni wọ́n fi kọ ọ́. Ìdàrúdàpọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ mọ ibi tí orin náà ti wá, nítorí ẹnì kan yóò sọ fún un pé orin ogun ni, ẹlòmíràn yóò ní orin ìsọjí ni, ẹlòmíràn yóò sì ní orin àwọn òṣìṣẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà kó sí ẹ̀wọ̀n ni. Gbogbo wọn ló sọ òótọ́. Ohun tó ń ṣi wá lọ́nà ni pé a máa ń rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni orin kọ̀ọ̀kan, àti pé bí a bá ti dá ohùn orin mọ̀, a ti mọ ohun tí orin náà ń jà fún. Nínú ìtàn orin ìfẹ̀hónúhàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ohùn orin kì í sábà ti ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sí i, ẹni tó kọ ọ́, àti ìjà tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ọ́, àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí á béèrè.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ tọ ipasẹ̀ ohùn "Glory, glory" yẹn lọ. Ní ìdajì àkọ́kọ́ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pàgọ́ sí pápá tàbí inú igbó fún ìsọjí ọlọ́jọ́ púpọ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ti mọ̀wé kà, tí ìwé orin kò sì tó nǹkan. Nítorí náà, orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ kì í le: ẹni tó dá orin yóò sọ ìlà kan ní àsọtúnsọ, èrò yóò sì gbe ègbè tí gbogbo wọn ti mọ̀. Ọ̀kan nínú irú orin bẹ́ẹ̀ ni "Say, Brothers, Will You Meet Us", tó ń bi àwọn ará léèrè bóyá wọn yóò bá akọrin pàdé ní etídò Kénáánì. Orin tí ènìyàn lè kọ láìwo ìwé, tó sì jẹ́ pé bí a bá pààrọ̀ ìlà kan péré nínú rẹ̀ yóò di orin mìíràn, kò lè pẹ́ nínú ìjọ kí ó tó bọ́ sí ìta.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1859, John Brown, aláwọ̀ funfun kan tó gbà pé ohun ìjà nìkan ló lè fòpin sí oko ẹrú, kó àwọn ọkùnrin díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n sì kọlu ilé ìkóhun-ìjà-sí ìjọba àpapọ̀ ní Harpers Ferry, ní Virginia, pẹ̀lú èrò pé àwọn yóò kó ìbọn fún àwọn ẹrú. Ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kíákíá, wọ́n sì so ó kọ́ ní ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá ọdún náà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ láàárín àríwá àti gúúsù Amẹ́ríkà ní 1861, àwọn ọmọ ogun Massachusetts kan wà ní Fort Warren, ní èbúté Boston, tí sájẹ́ǹtì kan láàárín wọn náà ń jẹ́ John Brown. Wọ́n sọ ọ́ di ẹni yẹ̀yẹ́: ṣé kì í ṣe pé John Brown ti kú ni, kí ló wá dé tó fi ń bá wọn jẹun? Wọ́n gbé ẹ̀fẹ̀ náà lé ohùn orin ìsọjí, pé òkú John Brown ń jẹrà nínú sàréè ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣì ń rìn lọ. Àwọn ọmọ ogun yòókù tí kò mọ sájẹ́ǹtì náà rí kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pa nítorí àwọn ẹrú ni wọ́n gbọ́, orin náà sì di ti ogun.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1861, Julia Ward Howe, akéwì àti alátakò oko ẹrú láti Boston, gbọ́ tí àwọn ọmọ ogun ń kọ orin òkú yìí nítòsí Washington. Àlùfáà kan tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní kí ó wá ọ̀rọ̀ tó níyì ju bẹ́ẹ̀ lọ sí i. Ní òtẹ́ẹ̀lì Willard ni ó ti kọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìwé ìròyìn Atlantic Monthly sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù Kejì ọdún 1862 pẹ̀lú àkọlé "Battle Hymn of the Republic". Báyìí ni ohùn tó ti inú ìsọjí bọ́ sí ẹnu ọmọ ogun ṣe tún padà sínú ìjọ, tó sì gba ọwọ́ ìjọ dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn ará gúúsù tó ń bá àríwá jagun náà ní orin tiwọn, ìtàn rẹ̀ sì pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. "Dixie", tí wọ́n sọ di orin ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ tó yapa nítorí oko ẹrú, ìlú New York ní àríwá ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ́ sétí aráyé ní 1859, ní orí ìtàgé àwọn aláwọ̀ funfun tó ń kun ojú ní dúdú láti fi àwọn adúláwọ̀ ṣẹ̀sín. Nígbà tí ọ̀gágun gúúsù, Robert E. Lee, juwọ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1865, èrò kó ẹgbẹ́ olórin lọ bá Ààrẹ Lincoln ní ọjọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kí wọ́n lu "Dixie", nítorí pé àwọn ti fi ogun gbà á.

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń béèrè: kí ló dé tó fi jẹ́ pé ohùn orin ìsìn ni àwọn alátakò, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ fẹ́ràn ṣọ́ọ̀ṣì, máa ń yá lò? Ìdáhùn tó ṣe kedere jù lọ wà nínú ìtàn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ IWW (Industrial Workers of the World), tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Chicago ní 1905. Àwọn tí ẹgbẹ́ yìí fẹ́ kó jọ ni àwọn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yòókù kò kà sí: agégi, alágbàṣe inú oko, àjèjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, adúláwọ̀, àti obìnrin. Orí òpópónà ni wọ́n ti ń wàásù ọ̀rọ̀ wọn. Ní Spokane, ní ìpínlẹ̀ Washington, bí wọ́n bá ti gun orí àpótí láti sọ̀rọ̀, ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Salvation Army yóò wá fi fèrè àti ìlù bo ohùn wọn mọ́lẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ náà wá rò ó pé, níwọ̀n ìgbà tí fèrè ti ń dún lọ́fẹ̀ẹ́, ohun tó kù ni ọ̀rọ̀. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ tiwọn sí ohùn tí àwọn onísìn ń fọn, wọ́n ń bá fèrè wọn kọrin, wọ́n sì tẹ ìwé orin kékeré aláwọ̀ pupa kan jáde ní 1909 tí òṣìṣẹ́ lè fi sínú àpò.

Joe Hill, ọmọ ilẹ̀ Sweden tó wá ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní Amẹ́ríkà, ni ọ̀gá nínú irú orin yìí. Ó mú "In the Sweet By and By", orin tí àwọn onígbàgbọ́ fi ń tu ara wọn nínú pé ilẹ̀ dídára kan ń dúró dè wọ́n, ó sì sọ ọ́ di "The Preacher and the Slave" ní 1911, níbi tí oníwàásù ti ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kí ó ní sùúrù, oúnjẹ wà lọ́run bó bá kú tán. Lójú tèmi, agbára orin náà wà nínú pé ẹni tó gbọ́ ọ ti mọ orin àkọ́kọ́ lórí. Ìlérí ọ̀run àti ebi ayé jọ ń dún sí i létí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpínlẹ̀ Utah yìnbọn pa Joe Hill ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kọkànlá ọdún 1915 lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn tí òun sọ títí dópin pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọdún náà gan-an ni Ralph Chaplin, ọmọ ẹgbẹ́ IWW bákan náà, parí "Solidarity Forever" ní Chicago. Ó ti wà ní West Virginia láàárín àwọn awakùsà èédú tó yanṣẹ́ lódì, ibẹ̀ sì ni èrò orin náà ti sọ sí i lọ́kàn. Ohùn John Brown ni ó mú, ó sì mọ ohun tó ń ṣe, nítorí kò sí òṣìṣẹ́ kan nígbà náà tí kò mọ̀ pé ohùn yẹn ni wọ́n fi bá oko ẹrú jà. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba kó àwọn aṣáájú IWW lọ sí ilé ẹjọ́ pé wọ́n ń tako ogun, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ogún ọdún fún Chaplin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tú u sílẹ̀ kí ó tó lò ó tán. Nígbà tó dàgbà, inú rẹ̀ kò dùn pé àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí òun kà sí alábàárìn agbanisíṣẹ́ ló ń kọ orin òun. Ní Nàìjíríà, ègbè nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nínú rẹ̀, ìlà tó gbẹ̀yìn ègbè náà sì ti yí padà: Chaplin sọ pé ẹgbẹ́ ló ń sọ wá di alágbára, àwọn òṣìṣẹ́ tiwa ní àwọn yóò máa jà fún ẹ̀tọ́ àwọn nígbà gbogbo. Mi ò rò pé ó yẹ kí á pe èyí ní àṣìkọ. Ohun tí Chaplin ṣe sí orin Howe, tí Howe ṣe sí orin àwọn ọmọ ogun, ni àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ṣe sí tirẹ̀.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn tó jọ èyí wáyé ní Harlan County, ní Kentucky, ní 1931, nígbà tí àwọn oní-ibi-ìwakùsà dín owó iṣẹ́ kù, tí àwọn awakùsà sì fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Àwọn ọmọọṣẹ́ ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà wá tú ilé Sam Reece, ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó òṣìṣẹ́ jọ, àmọ́ wọn kò bá a nílé. Ìyàwó rẹ̀, Florence Reece, já ewé kàlẹ́ńdà kan lára ògiri, ó sì kọ "Which Side Are You On?" sí ẹ̀yìn rẹ̀, orin tó ń bi olúkúlùkù léèrè ẹ̀yìn ta ni ó wà. Ní 1961, àwọn tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí gúúsù láti tako òfin tó ya aláwọ̀ funfun sọ́tọ̀ kúrò lára adúláwọ̀ kó sí ẹ̀wọ̀n Mississippi, James Farmer, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, sì yí ọ̀rọ̀ orin náà padà nínú ẹ̀wọ̀n. Ọ̀rọ̀ awakùsà aláwọ̀ funfun wá di ọ̀rọ̀ adúláwọ̀ tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú.

Kì í ṣe gbogbo orin ìfẹ̀hónúhàn ni èrò lè jọ kọ, èyí sì jẹ́ ìyàtọ̀ tí àwọn tó ń ṣàlàyé orin máa ń gbójú fò. Àwọn kan wà fún àfetísí, ọ̀rọ̀ inú wọn sì ti wúwo ju kí a pàtẹ́wọ́ sí i lọ. Abel Meeropol, olùkọ́ tó jẹ́ Júù ní Bronx, rí àwòrán àwọn adúláwọ̀ tí àgbájọ èrò fi okùn so kọ́ sórí igi láìgbọ́ ẹjọ́ wọn, ó sì kọ ewì kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1937 nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́. Ewì náà pe àwọn òkú wọ̀nyẹn ní èso tó ń so lórí igi gúúsù. Ní 1939, Billie Holiday bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́ ní Café Society ní New York pẹ̀lú àkọlé "Strange Fruit". Bí ó bá kàn án, àwọn agbáwo yóò dúró jẹ́ẹ́, wọn yóò pa iná, ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo yóò kù ní ojú rẹ̀, kò sì ní kọ orin mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Columbia tó ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kọ̀ láti gba orin náà, ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Commodore ló gbà á. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba ìpínlẹ̀ New York pe Meeropol, wọ́n sì bi í bóyá ẹgbẹ́ kọ́múnísìtì ló sanwó fún un láti kọ ọ́.

Mo sọ pé ohùn orin kì í sọ ẹ̀yìn ẹni tí orin wà. Ó tún lè tan etí jẹ pátápátá. Ní 1845, Frederick Douglass, tó sá kúrò lóko ẹrú, kọ ọ́ sínú ìtàn ayé rẹ̀ pé ẹnu ya òun nígbà tí òun dé àríwá, tí òun gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé orin tí àwọn ẹrú ń kọ jẹ́ àmì pé ara tù wọ́n. Ó ní ìgbà tí ìbànújẹ́ bá pọ̀ jù lọ ni ẹrú ń kọrin jù lọ. Àṣìgbọ́ yìí kò tíì tán nílẹ̀. Ní 1964, Nina Simone gbé "Mississippi Goddam" jáde lẹ́yìn tí wọ́n pa Medgar Evers, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn adúláwọ̀, ní Mississippi, tí wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Birmingham, Alabama, níbi tí ọmọbìnrin mẹ́rin kú sí, ní 1963. Ìlù rẹ̀ yára, ó dùn bí orin eré orí ìtàgé, òun fúnra rẹ̀ sì ń fi èyí pa èrò lẹ́rìn-ín pé eré tí orin náà wà fún ni wọn kò tíì kọ. Ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu wọn tí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e.

Àpẹẹrẹ tí àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn máa ń tọ́ka sí jù ni "Born in the U.S.A." tí Bruce Springsteen gbé jáde ní 1984. Ègbè rẹ̀ lágbára bí orin orílẹ̀-èdè, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń fi í ju àsíá, bẹ́ẹ̀ ìtàn ọkùnrin kan tó ti ogun Vietnam dé ni, tí kò rí iṣẹ́, tí ìlú tó jà fún kò sì bìkítà fún. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ààrẹ Reagan ń wá ìbò ní Hammonton, ní New Jersey, ó sì yin Springsteen pé ìrètí ló wà nínú orin rẹ̀. Springsteen fèsì láti orí ìtàgé ní Pittsburgh láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ń ṣe kàyééfì nípa àwo orin òun tí Ààrẹ ń gbọ́. Èyí tó jọ ọ́ ni "This Land Is Your Land", tí àwọn ọmọ ilé ìwé Amẹ́ríkà ń kọ bí orin ìfẹ́ ìlú. Woody Guthrie kọ ọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1940 nítorí pé "God Bless America", tí rédíò ń lù láìsinmi, ti sú u. Àwọn ẹsẹ kan wà nínú èyí tó kọ lọ́wọ́ tí ilé ìwé kì í kọ́ ọmọ: ọ̀kan sọ nípa ògiri tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni, èkejì sọ nípa àwọn tí ebi ń pa tó tò síwájú ilé ìrànwọ́. Ẹni tó yọ ẹsẹ kúrò nínú orin ti sọ ọ́ di orin mìíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ẹsẹ kún un.

Ó kù ọ̀rọ̀ ẹni tó ni orin, níbi tí òfin àti àṣà ti forí gbárí. "We Shall Overcome" ni ìtàn rẹ̀ kún jù. Ó tipẹ́ tí àwọn ìjọ adúláwọ̀ ti ń kọ orin pé "èmi yóò borí", ní oríṣiríṣi ohùn àti ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ sìgá ní Charleston, ní South Carolina, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin adúláwọ̀, yanṣẹ́ lódì títí wọ ọdún kejì. Ọ̀kan nínú wọn, Lucille Simmons, ló máa ń dá orin yìí ní ìrọ̀lẹ́, ní fífà gùn, kí wọ́n tó túká. "Àwa" ni wọ́n ń kọ nígbà náà, kì í ṣe "èmi" mọ́. Àwọn kan nínú wọn kọ́ Zilphia Horton ní orin náà ní Highlander Folk School, ilé ẹ̀kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní Tennessee, òun kọ́ akọrin Pete Seeger, orin náà sì tún dé ọ̀dọ̀ akọrin mìíràn, Guy Carawan. Ní 1959, ọlọ́pàá já wọ Highlander lóru, wọ́n pa iná, ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Montgomery tó wà níbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ tuntun nínú òkùnkùn pé ẹ̀rù kò ba àwọn. Ẹsẹ náà kò kúrò nínú orin mọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1960, Carawan kọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó péjọ sí Raleigh láti dá SNCC, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ adúláwọ̀, sílẹ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká gúúsù.

Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹta ọdún 1965, ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn tí ọlọ́pàá lu àwọn tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò ní Selma, ní Alabama, Ààrẹ Lyndon Johnson dúró níwájú àwọn aṣòfin, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé "we shall overcome". Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ka ọ̀rọ̀ Johnson sí ìṣẹ́gun. James Forman ti SNCC kò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní Ààrẹ ba orin dáradára kan jẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo lóye ìbínú rẹ̀: orin tí a fi ń bá ìjọba jà, bí ìjọba bá gbà á lẹ́nu ẹni, ta ni a tún ń fi í bá jà?

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ kan fi orin náà sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ènìyàn mẹ́rin: Horton, Frank Hamilton, Carawan àti Seeger. Seeger ṣàlàyé pé nítorí kí oníṣòwò má baà gbà á ni, owó tó bá sì wọlé lórí rẹ̀ ń lọ sí àpò tí wọ́n fi ń ran àwọn adúláwọ̀ gúúsù lọ́wọ́. Síbẹ̀, aláwọ̀ funfun ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ Lucille Simmons kò sì sí níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ lo orin náà nínú sinimá gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2016. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, adájọ́ ní New York dájọ́ pé àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ẹsẹ àkọ́kọ́ kéré ju ohun tí a lè pè ní iṣẹ́ tuntun lọ, àti ní oṣù Kìíní ọdún 2018 ilé iṣẹ́ náà gbà pé òun kò ní gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí orin náà mọ́.